Bẹ́ ẹ ṣe lè fi páálí, ọparun àti òwú kọ́ àwọn ọmọ nípa 1903, ọdún tí bàálù kọ́kọ́ fò

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin àǹtí àti bọ̀ọ̀dá tí wọ́n máa ń kó ọmọ àdúgbò lé lọ́wọ́ tí họlidé Kérésì bá ti dé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ọdún 1903 fáwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 17 oṣù Dìsẹ́ńbà. Ibẹ̀ nìwé ilé-ìwé máa ń gbà wọlé, wọ́n á ní Wilbur àti Orville Wright, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ní Amẹ́ríkà, làwọn tó kọ́kọ́ fi bàálù fò, ọmọ á há a sórí, á kọ ọ́ sínú ìdánwò, ó tán. Ẹ wá bi í pé kí ni wọ́n ṣe gan-an táwọn tó ṣáájú wọn ò rí ṣe, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè àjà. Irú ẹ̀kọ́ yẹn ò wù mí rárá. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bá a ṣe ń ṣe é ní Ifẹ̀ níbí, pẹ̀lú nǹkan tó wà nílé àti èyí téèyàn lè rà ní Sábó tàbí Odò-Ogbè láìnáwó gọbọi, kí ọmọ lè fọwọ́ ara ẹ̀ mọ̀ pé ẹ́ńjìnì kọ́ ló le jù nínú ọ̀rọ̀ 1903, bí wọ́n ṣe máa darí nǹkan ọ̀hún tó bá ti wà lókè ló le.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ ibi tí 1903 wà, torí lójú ọmọ ọdún mẹ́wàá, 1903 àti ayé Odùduwà ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Èyí tó máa ń yé wọn kíá lọ́dọ̀ tiwa ni pé ọdún 1903 yẹn náà ni Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìíní gbéra ní Ilé-Ifẹ̀ lọ sí Èkó, nígbà tí Gómìnà MacGregor ránṣẹ́ pè é torí ọ̀rọ̀ adé Ẹlẹ́pẹ, pé ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dé e àbí kò lẹ́tọ̀ọ́. Ẹ bi àwọn àgbà tó wà nítòsí Enúwá, wọ́n á sọ ìtàn yẹn fún yín ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Rélùwéè tó ti Èkó wọ Ìbàdàn ò ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà yẹn, 1901 ni wọ́n ṣí i. Tọ́mọ bá ti rí i pé ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì jẹ́ nǹkan àràmàǹdà ní Ìbàdàn làwọn méjì kan ń gbé nǹkan onígi àti aláṣọ sójú afẹ́fẹ́ lókè òkun, ọ̀rọ̀ ti ń dùn nìyẹn.

Ẹ wá páálí ọṣẹ ìfọyín tó gùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ọparun, náílọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òwú ìránṣọ, sẹ́lótéèpù, bébà, strọ́ọ̀ tí wọ́n fi ń mu júùsì, agolo mílíìkì méjì, téèpù télọ̀ àti okùn. Fáànù náà, tí wọ́n bá máa jẹ́ ká ríná. Ọ̀bẹ àti bíléèdì, ọwọ́ àgbà ni kó wà o, ọmọ kankan ò gbọdọ̀ la ọparun fúnra ẹ̀.

Páálí ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé ìdérí ẹ̀ lápá méjèèjì kúrò kéèyàn lè wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kan já sí ìkejì. Ẹ gbé e dání ní ìbú. Lápá òsì, ẹ tẹ igun òkè tó wà níwájú àti igun ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́yìn pọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà lápá ọ̀tún ẹ tẹ òdìkejì ẹ̀, igun òkè tó wà lẹ́yìn àti igun ìsàlẹ̀ tó wà níwájú. Páálí á lọ́, ẹ̀gbẹ́ kan á gbé imú sókè, ẹ̀gbẹ́ kejì á doríkodò díẹ̀, síbẹ̀ kò ní ya, kò sì ní tú. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn ṣe é títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n, ẹ má kánjú.

Ohun tí Wilbur rí lọ́dún 1899 nìyẹn, nínú ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wọn nílùú Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio. Kọ́sítómà kan wá ra tíúbù kẹ̀kẹ́, páálí tíúbù yẹn wá kù sí Wilbur lọ́wọ́, ó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ó sì ń lọ́ páálí ṣeré, àfi bó ṣe wolẹ̀ tó rí i pé tó bá jẹ́ apá méjì tí wọ́n gbé léra wọn lèyí, wọ́n lè lọ́ ọ báyìí lójú afẹ́fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan gbéra kí ìkejì sì wálẹ̀. Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń ṣe jẹun o, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń tà á, wọ́n tún ń ṣe tiwọn jáde. Kò séyìí tó lọ yunifásítì nínú àwọn méjèèjì. Mo máa ń dúró síbí yìí dáadáa torí àwọn ọmọ tí bàbá wọn jẹ́ fọkanáísà tàbí mẹkáníìkì ní Lágere, ojú tí wọ́n fi máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀.

Kẹ́ ẹ tó gbé páálí sílẹ̀, ẹ kó wọn síta lọ́sàn-án nígbà tóòrùn bá ti mú, kí wọ́n wo àwòdì. Tí àwòdì bá ń rá bàbà lókè, kì í fi bẹ́ẹ̀ lu apá, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ yí tàbí tí afẹ́fẹ́ bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ wo ìpẹ̀kun apá ẹ̀, ẹ̀ẹ́ rí i tó ń lọ́. Wilbur náà wo ẹyẹ títí. Kó tó kan àwọn Wright, Otto Lilienthal wà ní Jámánì, ó ti fi apá aláṣọ fò kúrò lórí òkè ní ìgbà tó ju 2,000 lọ, gbajúmọ̀ ni lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ara ẹ̀ ló máa ń jù síbí jù sọ́hùn-ún láti fi darí ẹ̀. Ọdún 1896 ló já lulẹ̀, ó sì kú. Ìròyìn ikú ẹ̀ wà lára nǹkan tó gbé ọ̀rọ̀ fífò sáwọn Wright lọ́kàn, wọ́n wá ń bi ara wọn pé kí lèèyàn lè ṣe tí ò fi ní jẹ́ pé ìdí àti ẹsẹ̀ nìkan ló fi ń ṣe sítíà.

Ibí ni mo ti máa ń mú Langley wọlé, torí tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ dìgbẹ̀yìn, àwọn ọmọ á ti gbàgbé páálí. Samuel Langley ni ọ̀gá àgbà Smithsonian, iléeṣẹ́ ìwádìí ìmọ̀ ńlá kan ní Washington, ọ̀mọ̀wé ni, èèyàn ńlá ni, ìjọba sì gbé 50,000 dọ́là fún un pé kó ṣe bàálù tó máa gbé èèyàn. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n fi sínú tiẹ̀ ní agbára ẹṣin 52. Tàwọn Wright, nǹkan bíi 12 péré ni! Ní ọjọ́ 7 oṣù Òkìtóbà 1903, wọ́n tì í jáde látorí ọkọ̀ ojú omi kan lórí odò Potomac, ó forí lé odò tààrà. Ọjọ́ 8 oṣù Dìsẹ́ńbà, wọ́n tún un gbé jáde, ó dá lójú òfuurufú, ó tún já sómi, Charles Manly tó wà nínú ẹ̀ ló bọ́ lọ́wọ́ ikú. Langley ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tì í jáde ló há mọ́ ọn, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní ó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ Manly tó máa fi gbé apá òsì sókè tàbí kó gbé e sílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá dé. Ọjọ́ 9 lẹ́yìn ẹ̀ làwọn oníkẹ̀kẹ́ fò, gbogbo owó tí wọ́n sì ná látapò ara wọn ò tó 1,000 dọ́là.

Káìtì ló kàn, òun ló máa gba àkókò yín jù. Wilbur náà, káìtì ló kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 1899 yẹn, apá ẹ̀ gùn tó fíìtì 5. Tiyín, fíìtì 2 ààbọ̀ ti tó. Ẹ la ọparun sí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gé mẹ́rin tó gùn tó bẹ́ẹ̀, méjì fún apá òkè, méjì fún apá ìsàlẹ̀, kí ọ̀kan wà níwájú ọ̀kan lẹ́yìn, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ íǹṣì 6, kẹ́ ẹ fi ọ̀pá kéékèèké dè wọ́n pọ̀, kẹ́ ẹ wá na náílọ̀n bò ó, kẹ́ ẹ fi sẹ́lótéèpù mú etí ẹ̀. Ẹ gbé apá kan lé orí ìkejì, ẹ fi ọ̀pá ìdúró mẹ́fà tó ga ní íǹṣì 6 là wọ́n, mẹ́ta níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn. Òwú ni kẹ́ ẹ fi de gbogbo oríkèé, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa, oríkèé gbọ́dọ̀ lè mì díẹ̀.

Ibi tó ṣe kókó rèé. Ẹ ta òwú ní ìdábùú sójú iwájú, láti igun òkè lọ sí igun ìsàlẹ̀ àti láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, kó dà bí X láàárín ọ̀pá ìdúró sí ọ̀pá ìdúró, ẹ ta á bẹ́ẹ̀ sójú ẹ̀yìn náà, kó le. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ òsì àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ má ta nǹkan kan. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé. Èyí tó bá rántí ìdérí páálí tá a gé kúrò, ó ti mú un, ẹ sì lè fún un ní bisikíìtì.

Lẹ́yìn náà ẹ so pátákó páálí kékeré kan mọ́ ọ̀pá ìdúró àárín, kó nà sẹ́yìn ní nǹkan bíi fíìtì kan, òun ló máa mú un dúró lójú afẹ́fẹ́. Ẹ wá so òwú gígùn mẹ́rin mọ́ igun iwájú: òkè òsì àti ìsàlẹ̀ òsì máa lọ sí orí àti ìdí ọ̀pá kan tí ọmọ máa dì mú lọ́wọ́ òsì, òkè ọ̀tún àti ìsàlẹ̀ ọ̀tún máa lọ sí ọ̀pá ti ọwọ́ ọ̀tún. Tọ́mọ bá fa orí ọ̀pá òsì sọ́dọ̀ ara ẹ̀ tó sì ti orí ọ̀pá ọ̀tún síwájú, káìtì á lọ́ bí páálí ṣe lọ́. Tó bá fa orí méjèèjì pọ̀, apá òkè á sún síwájú, imú á sì yí. Kí ẹnì kan gbé káìtì dání nínú pálọ̀ ná, kí ẹnì kejì máa fa ọ̀pá, kẹ́ ẹ rí i pé ó ń gbọ́ràn, torí tí ò bá gbọ́ràn nílẹ̀ kò ní gbọ́ lókè.

Afẹ́fẹ́ Ifẹ̀ kì í pọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́ ẹ̀ẹ́ rí ọjọ́ tí ewé igi á máa mì láìdáwọ́ dúró, ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ jáde. Pápá ilé-ìwé tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ lọ, kì í ṣe òpópónà, kì í ṣe orí òrùlé, ibi tí wáyà iná bá sì wà, ẹ má dé ibẹ̀ rárá. Òwú gbígbẹ nìkan ni kẹ́ ẹ lò, kí ẹnikẹ́ni má mú wáyà onírin wá. Tí káìtì bá há sórí wáyà iná, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ ti di olówó káìtì mìíràn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí náà ló lé àwọn Wright kúrò nílé, torí Dayton ò ní irú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń wá, wọ́n wá kọ̀wé sáwọn tó ń wo ojú ọjọ́ fún ìjọba, wọ́n wo àkọsílẹ̀, wọ́n sì mú Kitty Hawk ní North Carolina, etí òkun, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ gidi, tí kò sígi púpọ̀, tí iyanrìn sì rọ̀ téèyàn bá já.

Lọ́dún 1900 àti 1901 wọ́n gbé èyí tó lè gbé èèyàn lọ síbẹ̀, kò tíì ní ẹ́ńjìnì o, ó kàn ń yọ́ gẹ̀rẹ̀ látorí òkè iyanrìn ni. Ti 1901 já wọn kulẹ̀. Agbára tí apá ẹ̀ fi ń gbé nǹkan sókè ò tó bí ìṣirò táwọn àgbà ti kọ sílẹ̀ ṣe sọ, ọkàn Wilbur bàjẹ́ débi pé ó ń sọ pé ìran tàwọn ò ní rí ìgbà téèyàn máa fò. Àmọ́ dípò kí wọ́n jókòó máa káàánú ara wọn, wọ́n lọ ṣe àpótí onígi kan nínú ṣọ́ọ̀bù, fíìtì 6 ni gígùn ẹ̀, íǹṣì 16 ni ìbú àti gíga ẹ̀, fáànù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú ẹ̀ kọjá, wọ́n sì dán nǹkan bíi irú apá 200 wò nínú ẹ̀, kéékèèké. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, irin ayùn àti sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Fún èmi o, iṣẹ́ inú àpótí yìí ló wú mi lórí ju fífò gan-an lọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe tiyín rèé. Ẹ gé bébà tó gùn ní íǹṣì 10, tó fẹ̀ ní íǹṣì 4. Ẹ ká a sí méjì láìtẹ ojú ibi tẹ́ ẹ ti ká a pa, kẹ́ ẹ jẹ́ kí etí òkè ṣẹ́yìn etí ìsàlẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ wọ́n mọ́ra, òkè á yọ ikùn, ìsàlẹ̀ á tẹ́jú. Ẹ lu ihò kan já láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó sún mọ́ iwájú ju ẹ̀yìn lọ, ẹ ki strọ́ọ̀ kúkurú bọ̀ ọ́, ẹ gba òwú inú strọ́ọ̀, kẹ́ ẹ so orí òwú mọ́ nǹkan lókè, kẹ́ ẹ so ìdí ẹ̀ mọ́ nǹkan tó wúwo nílẹ̀, kó nà gbọọrọ. Ẹ tan fáànù sí i láti iwájú tó rí rogodo. Ẹ̀ẹ́ rí bébà tó máa gun òwú lọ sókè. Ẹ wá ṣe òmíì tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kẹ́ ẹ fi wé e. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ yí ikùn ẹ̀ padà, kí wọ́n mú un tóbi, kí wọ́n mú un kéré, kí wọ́n sì máa kọ èyí tó gòkè jù sílẹ̀ sínú ìwé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́kun àkọsílẹ̀, torí èyí tí wọ́n kọ ni iṣẹ́, ìyókù eré ni.

Tí ò bá síná ńkọ́? Àwọn Wright náà, kí wọ́n tó ṣe àpótí, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi dán an wò, wọ́n so apá kékeré mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́, wọ́n sì ń wà á kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ lù ú. Ẹ ṣe fírémù kékeré fún òwú àti bébà yẹn, ẹ dè é mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ, kó wà á yí ká inú kọ́ńpáùnd, kí ẹlòmíì máa wò ó, torí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ iwájú ẹ̀ ló yẹ kó máa wò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ká bébà ṣe bàálù bí wọ́n ṣe máa ń ká a ní kíláàsì tí tíṣà ò bá sí níbẹ̀, èyí tápá ẹ̀ fẹ̀. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé ẹ̀yìn apá kọ̀ọ̀kan wọlé díẹ̀ níbi méjì, kí ibẹ̀ lè ṣeé tẹ̀ sókè sódò. Tẹ́ ẹ bá tẹ méjèèjì sókè díẹ̀, imú á gbéra. Tẹ́ ẹ bá tẹ méjèèjì sódò, á forí sọlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ ti òsì sókè, ti ọ̀tún sódò, apá òsì á wálẹ̀, á yà sí òsì. Ìrù tó dúró ṣánṣán ló kù, òun ló ń yí imú sọ́tùn-ún sósì, ibẹ̀ gan-an sì lọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀ fáwọn Wright ní 1902. Tí wọ́n bá lọ́ apá, ẹ̀gbẹ́ tó gòkè á tún máa fà sẹ́yìn, bàálù á yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ lọ gún iyanrìn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan Orville mu kọfí jù, oorun ò kun ún, ó dùbúlẹ̀ ó ń ronú, ilẹ̀ mọ́ ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ìrù máa yí. Wilbur gbà, ó ní kí wọ́n so okùn ìrù mọ́ okùn apá, kó jẹ́ ìdí ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀ ló máa fi darí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bọ́ sí i. Lọ́dún yẹn wọ́n yọ́ gẹ̀rẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà, èyí tó jìnnà jù lé ní fíìtì 620. Kẹ́ ẹ sọ fáwọn ọmọ pé wọ́n ti mọ fífò kí wọ́n tó wá ẹ́ńjìnì kiri.

Ẹ́ńjìnì yẹn, kíá ni kẹ́ ẹ sọ ọ́. Wọ́n kọ̀wé sáwọn tó ń ṣe mọ́tò, kò sẹ́ni tó lè ṣe èyí tó fúyẹ́ tó báyẹn, ni Charlie Taylor, mẹkáníìkì ṣọ́ọ̀bù wọn, bá ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ fi ìyókù àsìkò yín sórí ṣéènì. Fáànù ńlá méjì ló wà lẹ́yìn apá, ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo ló ń yí méjèèjì, ṣéènì ló sì fi ń yí wọn bíi ti kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ máa yí lódìkejì ara wọn, tí ò bá rí bẹ́ẹ̀ wọ́n á máa fa bàálù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Báwo lẹ́ńjìnì kan ṣe máa yí méjì lódìkejì? Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ fún wọn lágolo mílíìkì méjì àti okùn, ẹ fi ìṣó kan agolo mọ́ pákó kó lè yí, ẹ ní kí wọ́n wá a. Tí okùn bá lọ tààrà, agolo méjèèjì á yí síbì kan náà. Ọmọ kan á sáà gbé okùn kọjá lórí ara ẹ̀ láàárín, á rí i tó yí padà. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn gẹ́lẹ́, wọ́n dábùú ṣéènì kan. Tẹ́ ẹ bá lè kó wọn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà ṣe, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi eyín ṣéènì ńlá àti kékeré hàn wọ́n, kẹ́ ẹ sì ra nǹkan mímu dání fún un torí ẹ̀ẹ́ gba àkókò ẹ̀.

Ìgbà yìí ni ọjọ́ 17 oṣù Dìsẹ́ńbà wá kàn, tí họlidé yín bá sì bọ́ sí i, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ pápá. Téèpù télọ̀, fíìtì 5 ni, tẹ́ ẹ bá fi wọn okùn lẹ́ẹ̀mẹrin ó di fíìtì 20, ẹ na okùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹfà, fíìtì 120 nìyẹn. Ẹ fi igi sàmì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ẹ sọ fún wọn pé ọjọ́ 14 ni wọ́n kọ́kọ́ ju owó ẹyọ sókè, Wilbur jẹ, ó gbé imú sókè jù, ó já lẹ́yìn sẹ́kọ́ǹdì mélòó kan, wọ́n tún un ṣe. Ọjọ́ 17, òtútù, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ní ohun tó lé ní máìlì 20 láàárín wákàtí kan, àwọn márùn-ún wá wò wọ́n, ọ̀kan nínú wọn, John Daniels, kò ya fọ́tò rí, òun ni Orville ní kó tẹ kámẹ́rà tí bàálù bá ti gbéra, ó sì tẹ̀ ẹ́ lásìkò. Fọ́tò yẹn ni gbogbo ayé mọ̀. Orville lo sẹ́kọ́ǹdì 12 lókè, ó rin fíìtì 120.

Ẹ wá ní kí ọmọ kan dúró síbi àmì àkọ́kọ́, ẹ fi fóònù ka sẹ́kọ́ǹdì 12, kó rìn tàbí kó sáré, kó ṣáà dé àmì kejì nígbà tí 12 bá pé. Ẹnu á yà wọ́n torí kò ní pọn dandan kí ó sáré gidi. Wilbur tiẹ̀ sáré tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n á ní àbí irọ́ ni, kí ló dé tó fi lọ́ra báyẹn, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá ṣàlàyé pé kì í ṣe ilẹ̀ ni apá ń bá ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ ni, afẹ́fẹ́ sì ń bọ̀ wá pàdé ẹ̀, nítorí náà eré tó ń sá nínú afẹ́fẹ́ pọ̀ gan-an ju èyí téèyàn rí nílẹ̀ lọ. Ẹ ní kí wọ́n ronú ẹni tó ń wẹ̀ lòdì sí odò tó ń ṣàn.

Wilbur fò tẹ̀ lé e, fíìtì 175. Orville tún fò, 200. Nígbà tó di ọ̀sán, Wilbur gùn ún lẹ́ẹ̀kẹrin, ó lo sẹ́kọ́ǹdì 59, ó rin fíìtì 852. Èyí ju pápá bọ́ọ̀lù méjì lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n rìn ín láti góòlù dé góòlù, kí wọ́n padà, kí wọ́n tún lọ díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé e kalẹ̀ wọ́n ń sọ̀rọ̀, ni afẹ́fẹ́ bá gbá a, ó ń yí gbirigbiri lórí iyanrìn, Daniels di í mú títí tó fi bá a yí, ó fọ́ yángá, kò sì fò mọ́ láyé. Ẹ lè fi ọmọ kan ṣe Daniels. Gbogbo wọn ló máa fẹ́ ṣe é, ẹ múra sílẹ̀.

Ọmọ kan máa bi yín pé ṣé àwọn lẹni àkọ́kọ́ lóòótọ́. Ẹ má fi ìbínú dá a lóhùn o, ìbéèrè gidi ni. Bálúùnù ti gbé èèyàn ní ilẹ̀ Faransé láti 1783, Lilienthal ti ń yọ́ látorí òkè, Zeppelin ti gbé tiẹ̀ tó kún fún gáàsì sókè ní 1900, àwọn ará Brazil sì máa sọ fún yín pé Santos-Dumont ni, tó fò ní Paris ní 1906 níṣojú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ohun tí 1903 fi yàtọ̀ ni pé nǹkan tó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ni, ẹ́ńjìnì ẹ̀ ló gbé e, èèyàn wà lórí ẹ̀, ó sì darí ẹ̀, ó dúró lókè dáadáa, ó sì sọ̀ síbi tí kò lọ sílẹ̀ ju ibi tó ti gbéra lọ. Ẹ kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sójú bọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi wọ́n yẹ Langley wò, kí wọ́n fi wọ́n yẹ bálúùnù wò, kí wọ́n sọ èyí tó kùnà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ tún lè ní kí wọ́n kọ tẹligíráàmù. Orville fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí bàbá wọn, bíṣọ́ọ̀bù ni bàbá yẹn, ó ní fífò mẹ́rin ló yọrí sí rere, ó ní kí wọ́n sọ fáwọn oníwèé ìròyìn, ó sì ní àwọn á wà nílé tó bá di Kérésì. Ó tún sọ iye sẹ́kọ́ǹdì tí èyí tó pẹ́ jù lò, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà ni 59 ti di 57. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ tiẹ̀ sí òbí ẹ̀ láìju ọ̀rọ̀ 15 lọ, kó sọ ohun tí káìtì tiẹ̀ ṣe, kí nọ́ńbà kan ó kéré tán wà nínú ẹ̀. Ẹ fi fóònù yín fi í ránṣẹ́ sáwọn òbí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Tó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ yọ ẹ́ńjìnì àti agolo kúrò, ẹ yọ bébà tó ń gun òwú, ẹ má yọ páálí, ẹ má yọ pápá. Àwọn tí wọn ò tíì pé ọdún méje, bàálù bébà àti sísáré fíìtì 120 ti tó wọn, káìtì olówùú mẹ́rin á kàn lọ́ mọ́ wọn lọ́rùn ni.